Ta ni ó ń pinnu pé ọmọ kan yẹ fún ètò gifted, ìdánwò ni àbí olùkọ́?

Ìyá Ìbejì, Georgia:

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Abèèrè kì í ṣìnà ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín, nítorí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wà láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí tí ọmọ wọn ti gba ọ̀nà yìí kọjá náà wà níbí.

Àwọn ìbejì mi wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí wọ́n ti pín wọn sí kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ olùkọ́ méjì. Lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì, Kẹ́hìndé mú lẹ́tà kan wálé tí wọ́n fi ń béèrè bóyá a gbà kí wọ́n ṣe ìdánwò fún un, kí wọ́n lè mọ̀ bí ó bá yẹ fún ètò gifted, ìyẹn kíláàsì tí wọ́n ti máa ń kó àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn yá ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ jọ, kí wọ́n lè kọ́ wọn ní ohun tó jinlẹ̀ ju ti kíláàsì gbogbogbòò. Táíwò kò mú lẹ́tà kankan wálé.

Ká ní ọ̀kan mọ̀wé ju èkejì lọ ni, ǹ bá gba kámú. Ṣùgbọ́n Táíwò ló ń ka ìtàn fún Kẹ́hìndé nínú ilé, òun náà ló sì máa ń ro owó ọjà pọ̀ lórí kí ẹni tó ń gba owó tó ṣírò rẹ̀ tán. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí láàárín wọn ni pé ẹnu Kẹ́hìndé kì í dákẹ́, nígbà tí Táíwò kì í sọ̀rọ̀ àyàfi bí wọ́n bá bi í, tí ó sì máa ń wolẹ̀ bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa fúnra wa ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ọmọ náà ń ṣe dáadáa, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ohun tí yóò mú kí òun dárúkọ rẹ̀ fún ìdánwò náà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ta ni ó ń ṣe ìpinnu yìí gan-an? Ṣé máàkì ìdánwò ni, àbí ojú tí olùkọ́ fi wo ọmọ? Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ gba 96, ẹlòmíràn ní 99 ni, èmi kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn kà. Wọ́n tún ní kí n lọ san owó fún saikọ́lọ́jísìtì aládàáni kí ó ṣe ìdánwò fún Táíwò, kí n sì mú èsì rẹ̀ lọ fún ilé-ìwé. Ṣé ìyẹn ṣe é ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá máa là mí lóye.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin, Georgia:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni ní ìpínlẹ̀ yìí, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ èsì àwọn ọmọ wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe wà nínú òfin kí n tó sọ bí ó ṣe máa ń rí nínú kíláàsì, nítorí àwọn méjèèjì kì í fìgbà gbogbo rí bákan náà.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi ètò gifted ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀, Georgia sì wà lára àwọn tó pa á láṣẹ pé gbogbo agbègbè ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní in láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kejìlá. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ló fi gbèdéke lélẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọmọ sì lè gbà kọjá rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ń wo ìdánwò ọpọlọ àti ìdánwò ẹ̀kọ́ nìkan: ọmọ tó wà láàárín jẹ́lé-ó-sinmi sí kíláàsì kejì gbọ́dọ̀ dé percentile 99 nínú àpapọ̀ ìdánwò ọpọlọ, èyí tó wà ní kíláàsì kẹta sókè gbọ́dọ̀ dé 96, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dé 90 nínú ìdánwò ẹ̀kọ́, yálà ní ìwé kíkà tàbí ní ìṣirò. Ibi tí 96 àti 99 tí ẹ gbọ́ ti wá nìyẹn, kò sí ẹni tó parọ́ fún yín nínú àwọn méjèèjì. Nínú ọ̀nà kejì, ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: ọpọlọ, ẹ̀kọ́, àtinúdá, àti ìtara ọmọ sí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá yege nínú mẹ́ta lára wọn ti wọlé. Ìwọ̀n ti ọpọlọ jẹ́ 96, ti àwọn yòókù sì jẹ́ 90.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ percentile, nítorí ó ti da ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn rú. Kì í ṣe pé ọmọ gba ìbéèrè 96 nínú 100. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí a bá to 100 ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà jákèjádò Amẹ́ríkà sórí ìlà, máàkì ọmọ yìí ju ti 96 nínú wọn lọ. Ọmọ lè pàdánù ìbéèrè púpọ̀ kí ó sì dé 96, bí ìdánwò náà bá le. Ó sì lè gba èyí tó pọ̀ jù kí ó má dé 80, bí ó bá rọrùn fún gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi máàkì tí ọmọ ń mú bọ̀ láti kíláàsì díwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń gba A nínú gbogbo iṣẹ́ ni kò súnmọ́ gbèdéke yìí, àwọn kan sì wà tí ìwé wọn rí wúruwùru tí wọ́n kọjá rẹ̀ pátápátá.

Ìdánwò ọpọlọ tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù ni CogAT, tó ní apá mẹ́ta: ti ọ̀rọ̀, ti nọ́ńbà, àti ti àwòrán. Ní ti àtinúdá, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Paul Torrance ṣe, ẹni tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Georgia níbí. Wọ́n lè fa ìlà méjì kan sórí ìwé kí wọ́n sì ní kí ọmọ sọ ọ́ di àwòrán tí ẹlòmíràn kò ní ronú kàn. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí, nítorí pé ọmọ tí ẹnu rẹ̀ wúwo máa ń tú jáde lórí ìwé. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń lo fọ́ọ̀mù tí olùkọ́ yóò fi gbé ọmọ lé orí ìwọ̀n, fún àtinúdá tàbí fún ìtara, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí wọ́n lo irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ fún méjèèjì, kí èrò olùkọ́ kan má baà gbé ọmọ wọlé tàbí kí ó tì í síta fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, kókó ọ̀rọ̀ yín. Kí ọmọ tó dé iwájú ìdánwò kankan, ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá, ibẹ̀ ni Táíwò sì ti há. Ẹnu ọ̀nà náà pín sí méjì. Ọ̀kan ń ṣí fúnra rẹ̀: bí máàkì ọmọ nínú ìdánwò tí gbogbo kíláàsì jọ ṣe bá dé ibi tí agbègbè ẹ̀kọ́ fi sí, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, bóyá olùkọ́ fẹ́ tàbí kò fẹ́. Èkejì ni kí ẹnì kan fa ọmọ kalẹ̀. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ní àṣẹ yìí nìkan, ṣùgbọ́n òfin Georgia dárúkọ òbí pẹ̀lú, ó dárúkọ agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé, ó dárúkọ àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kódà ó gbà kí ọmọ fa ara rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda olùkọ́ Táíwò. Ẹ kọ lẹ́tà sí olùdarí ètò gifted ní ilé-ìwé náà, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí òbí ń fa ọmọ yín kalẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ fi déètì sí i, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn agbègbè kan kì í gbà á lẹ́yìn àkókò kan nínú ọdún.

Ní ti saikọ́lọ́jísìtì aládàáni, ẹ fi owó yín sí àpò. Òfin ní kí ilé-ìwé wo èsì tí ó ti ìta wá nígbà tí wọ́n bá ń rò ó bóyá kí wọ́n fa ọmọ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fi rọ́pò ìdánwò tí àwọn fúnra wọn ṣe. Lẹ́tà yín lásán yóò ṣe iṣẹ́ tí owó ńlá yẹn ìbá ṣe.

Baba Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Florida:

Olùkọ́, ẹ ṣeun, ẹ ti là á yé wa. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, nítorí pé agbègbè ẹ̀kọ́ Broward, níbi tí mò ń gbé, ni wọ́n ti rí i ní gbangba bí ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní Florida, IQ 130, ìyẹn máàkì ìdánwò ọpọlọ, ni gbèdéke. Àyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Plan B, tí Broward fi gbà kí àwọn ọmọ tí ìjọba ń fún ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọlé pẹ̀lú 116. Pẹ̀lú gbogbo ojú àánú yẹn, nígbà tí ó fi di nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ elédè Sípáníìṣì pọ̀ ju ìdajì àwọn ọmọ agbègbè náà lọ, ṣùgbọ́n ìdá 28 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jẹ́ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tí wọ́n kà sí gifted. Ìdí ni pé olùkọ́ àti òbí ló ń fa ọmọ kalẹ̀. Àwọn òbí tó lówó mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn béèrè, wọ́n sì ń sanwó fún saikọ́lọ́jísìtì aládàáni, tí wọ́n máa ń gba èsì rẹ̀ níhìn-ín, yàtọ̀ sí bí Olùkọ́ ṣe sọ nípa Georgia. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wà.

Ní 2005, Broward yí ohun kan ṣoṣo padà. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ kíláàsì kejì, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, ṣe ìdánwò kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Naglieri, tí àwòrán nìkan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dé ìwọ̀n kan níbẹ̀, ìyẹn 130, tàbí 115 fún àwọn ọmọ Plan B, yóò lọ ṣe ìdánwò IQ gan-an lọ́dọ̀ saikọ́lọ́jísìtì ilé-ìwé. Wọn kò fọwọ́ kan gbèdéke 130 àti 116 yẹn rárá. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, David Card àti Laura Giuliano, tọpa àbájáde rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Iye àwọn ọmọ tálákà tó wọlé fi ìdá 180 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ti àwọn ọmọ elédè Sípáníìṣì fi 130 lé, ti àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú fi 80. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti wà nínú kíláàsì tẹ́lẹ̀, ọpọlọ wọn sì ti tó ohun tí òfin ń béèrè. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ni.

Ibi tó dùn mí níbẹ̀ ni pé nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú tí owó kò sí mọ́, wọ́n dá ètò náà dúró, iye àwọn ọmọ náà sì padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, bí olùkọ́ Táíwò bá sọ fún yín pé òun kò tíì rí ohun kan, ẹ má bínú sí i. Ìwádìí mìíràn tí Jason Grissom àti Christopher Redding ṣe, tí ó jáde ní 2016 bákan náà, fi hàn pé ọmọ aláwọ̀ dúdú tí olùkọ́ rẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀ dúdú kì í sábà rí ààyè wọ ètò gifted bí èyí tí olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kódà bí máàkì wọn bá dọ́gba. Kì í ṣe ìkà. Olùkọ́ ń wá ohun tó jọ ohun tí òun mọ̀ sí ọgbọ́n, ọmọ tí a kọ́ pé kí ó má wo ojú àgbà kò sì jọ ọ́.

Ọmọ Brooklyn, New York:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a sọ ìdánwò di òrìṣà. Ní New York níbí, a ní ètò tí ìdánwò nìkan ń pinnu, ojú wa sì rí nǹkan.

Láti 2008, gbèdéke kan náà ni wọ́n fi sí gbogbo ìlú: percentile 90 fún kíláàsì gifted inú agbègbè, 97 fún àwọn ilé-ìwé tí ó wà fún gbogbo ìlú, tí wọ́n sì di márùn-ún. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe ìdánwò yìí fún. Òbí èyíkéyìí ló lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ ó rò pé ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó lówó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ ọdún mẹ́ta lọ sí lẹ́sìnnì ìdánwò, àwọn tó dé 99 sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ààyè ní ilé-ìwé márààrún yẹn. Ní oṣù January 2021, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ètò ẹ̀kọ́ ìlú kọ̀ láti tún àdéhùn ìdánwò náà ṣe. Bill de Blasio, tó jẹ́ mayor ìlú nígbà náà, kéde nínú oṣù October ọdún yẹn pé òun yóò pa ètò náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Eric Adams tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní òun kò gbà, ó sì fi kún ààyè ní 2022. Ṣùgbọ́n ìdánwò kò padà wá fún àwọn ọmọ kékeré. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n fi lé lọ́wọ́ nígbà náà kí ó máa dárúkọ ọmọ, wọ́n á sì ṣẹ́ kèké láàárín àwọn tí a dárúkọ. Ẹ wá wò ó: a kúrò lọ́wọ́ ìdánwò, a padà sí ọwọ́ olùkọ́, a tún fi orí ire kún un.

Bákan náà, kò sí gbèdéke tí kì í ju ẹni gidi sẹ́yìn. Nígbà tí saikọ́lọ́jísìtì kan tó ń jẹ́ Lewis Terman ń wá àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé ní California ní 1921, olùkọ́ ló kọ́kọ́ ń dárúkọ ọmọ fún un, òun náà á wá ṣe ìdánwò IQ fún wọn. Ó kó àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún jọ. William Shockley àti Luis Alvarez wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣe ìdánwò fún tí wọ́n ní máàkì wọn kò tó. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, ọ̀kan ní 1956, èkejì ní 1968. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tí Terman mú tó gba irú rẹ̀.

Èmi fúnra mi kò fẹ́ràn kí a máa fi orúkọ gifted sí ọmọ lára láti kékeré. Ṣùgbọ́n bí ètò náà bá ti wà, tí kíláàsì tó dára jù sì wà nínú rẹ̀, n kò lè sọ fún Ìyá Ìbejì pé kí wọ́n fi ọmọ wọn sílẹ̀ níta.

Tísà Àgbà, Ìbàdàn:

Ọmọ mi, Ìyá Ìbejì, Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà lójú rẹ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń ka ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń kọ. Nílé níbí, a kò fi í lé olùkọ́ lọ́wọ́ kí ó máa dárúkọ. Ilé-ìwé kan tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ yìí ni Federal Government Academy tó wà ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ọmọ yóò kọ́kọ́ ṣe Common Entrance ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó ta yọ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè sí ìdánwò kejì, tí NECO ń ṣe. Kò sí ojúsàájú olùkọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ni ẹnu ọ̀nà tiwa. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí owó fọ́ọ̀mù rà, tàbí tí ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ní abúlé kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé fọ́ọ̀mù ti jáde, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà láyé.

Ọ̀rọ̀ 130 àti 116 tí Baba Ọlọ́mọ Mẹ́ta sọ mú mi rántí ariwo tó sọ ní 2013, nígbà tí gbèdéke Common Entrance ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde síta: Anambra 139, Èkó 133, Ògùn 131, ti Zamfara sì jẹ́ 4 fún ọkùnrin, 2 fún obìnrin. Inú bí àwọn èèyàn wa, ó sì yẹ kó bí wọn. Èmi gbà pé ó tọ́ kí a fi ọmọ wé àwọn tí wọ́n jọ ní irú ààyè kan náà, nítorí ọmọ tí kò ní tísà, tí kò ní ìwé, tó sì gba máàkì díẹ̀, lè ní ọpọlọ ju ẹni tó gba púpọ̀ pẹ̀lú lẹ́sìnnì. Ṣùgbọ́n 116 ṣì ga ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ lọ. Nígbà tí gbèdéke bá di 2, kò díwọ̀n ohunkóhun mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fiyè sí jù lọ ni èdè. Ìwọ kò sọ èdè tí ẹ ń sọ nínú ilé, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni Táíwò fi ń ronú, apá ọ̀rọ̀ nínú ìdánwò CogAT tí Olùkọ́ dárúkọ yẹn lè fi ọpọlọ rẹ̀ pamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọpọlọ wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn, èdè ni kò dí wọn lọ́nà. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o dẹ́kun sísọ Yorùbá sí àwọn ọmọ rẹ nítorí ìdánwò.

Ìyá Ìbejì, Georgia:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ mi. Tísà Àgbà, mo dúpẹ́, sà, Yorùbá náà ni a ń sọ nínú ilé. Mo ti kọ lẹ́tà náà, mo sì ti fi ránṣẹ́. Wọ́n dáhùn pé àwọn yóò ṣe ìdánwò fún àwọn méjèèjì pa pọ̀. Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè méjì ló kù. Bí Táíwò kò bá dé gbèdéke, ṣé ó ti parí fún un nìyẹn? Àti pé, bí àwa bá kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ṣé ohun tí Kẹ́hìndé bá rí gbà yóò bá a lọ?

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin, Georgia:

Inú mi dùn pé ẹ kọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn. Bí ẹ bá kó láti agbègbè kan sí òmíràn nínú Georgia, ohun tí ọmọ ti gbà kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá ààlà ìpínlẹ̀, kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kí ibòmíràn gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti Táíwò, kò parí. Èsì tí wọ́n fi ń pinnu kò gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ, ọmọ sì lè tún ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn àkókò tí agbègbè yín bá fi sílẹ̀. Ẹ rántí pé ní kíláàsì kẹta, ìwọ̀n ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò sọ̀ kalẹ̀ láti 99 sí 96, ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ni ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè. Nígbà tí èsì bá jáde, àpapọ̀ máàkì nìkan ni lẹ́tà náà sábà máa ń gbé wá. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní máàkì apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta CogAT lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀nà kejì tí mo ṣàlàyé lókè, òfin gbà kí wọ́n lo máàkì apá kan tó bá yẹ dípò àpapọ̀ fún ti ọpọlọ. Bí ohun tí Tísà Àgbà sọ bá ṣẹlẹ̀, tí apá ọ̀rọ̀ bá fa àpapọ̀ Táíwò lọ sílẹ̀ tí apá àwòrán tàbí ti nọ́ńbà sì dé 96, ó ti yege nínú ọ̀kan lára mẹ́rin nìyẹn, ó sì ku méjì péré nínú ẹ̀kọ́, àtinúdá àti ìtara. Bí lẹ́tà bá sọ pé kò yege láìsí pé wọ́n ṣe ìdánwò àtinúdá fún un rárá, ẹ padà lọ bá wọn, ẹ sì béèrè èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti wò, èwo ni wọn kò tíì wò, àti ọjọ́ tí wọn yóò wò ó.